Láfún Tó Gbafẹ́ Dé Ilẹ̀ Gíríìsì

Láàárọ̀ yìí, mi ò tíì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tí fóònù mi fi dún. Mo rò pé oníbàárà ni. Àṣé ìyá kan ládùúgbò wa ni. Kò kí mi kú àbọ̀, kò bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi tó wú ti ń fà. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni: "Ìyá Ìbejì, ọmọ mi ní wọ́n ti tú ọ̀rá láfún òun kó tó dé ọwọ́ òun o. Ta ló bù nínú ẹ̀?"

Ta ló bù nínú ẹ̀! Èmi tí mò ń gbé Abẹ́òkúta, tí láfún pọ̀ ní Ìtòkú àti Làfẹ́nwá bíi yanrìn odò Ògùn, èmi ni mo máa wọ ọkọ̀ òfúrufú dé Róòmù kí n tó jí láfún bù. Mo pa fóònù. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná. Mo ní tí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí síta lónìí, á di àìsàn sí mi lára.

40 ọdún tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ́ra ló pé. Ọmọ wa tó wà ní London ní òun fẹ́ fi ìrìnàjò yẹ́ wa sí: ọjọ́ mẹ́fà lórí ilẹ̀ ní Ítálì, ní Róòmù àti Florence, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, láti èbúté Civitavecchia lọ sí Naples, títí dé ilẹ̀ Gíríìsì, ká tún padà. Òun àti ìyàwó ẹ̀ á pàdé wa ní Róòmù. Mo jó, mo yọ̀, mo dúpẹ́. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún ẹnì kan ṣoṣo ní Ìtòkú níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé Adátán.

Ẹ má bá mi jiyàn lórí ẹrù dídì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń di aṣọ fún àwọn tó ń rà á lọ sí Èkó àti Kùtọ̀nù. Mo lè ki àdìrẹ sínú Ghana-must-go títí tí kò ní í sí àyè fún eèrà, kí n jókòó lé e, kí sípù sì pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ mi fi àlàyé gígùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa bí a ó ṣe kó ẹrù. Ìgbéraga ni. Ọlọ́run ti fojú mi rí nǹkan.

Ohun tí ọmọ yẹn sọ nìyí. Ó ní ilẹ̀ ní ohun tó ń fẹ́, omi náà sì ní tiẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹ ó máa rìn, ẹ ó máa wọ rélùwéè, ẹ ó máa pààrọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, kò sí aláàárù tó ń dúró dè yín, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ, aṣọ mẹ́ta mẹ́rin tẹ́ ẹ lè fọ̀ kẹ́ ẹ tún wọ̀, ó ti tó. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹrù ò ní í kúrò lójú kan fún ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n alẹ́ kan máa wà tí gbogbo èèyàn á múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó, afẹ́fẹ́ orí òkun sì máa ń tutù lálẹ́. Ó ní kí a fi àpótí kan ṣe ti ilẹ̀, kí a fi èkejì ṣe ti omi. Tí a bá ń lọ sí Florence, ká fi ti omi sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Róòmù, torí ibẹ̀ náà la máa gbà padà lọ sí èbúté. Àpótí kan ṣoṣo la ó máa fà kiri.

Ọgbọ́n gidi ni. Ì bá ṣiṣẹ́ ká ní àwa la ni àpótí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá lálẹ́, lálẹ́, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lábíyá. "Kékeré báyìí ni." Láfún kílò mẹ́rin ni kékeré yẹn. Irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé ni kékeré. Ìyá ìjọ wa gbé àdìrẹ mẹ́fà wá fún ọmọ ẹ̀; àdìrẹ tí kò ra lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé pọ̀nmọ́ wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, òfin àwọn ará Yúróòpù ò gbà kí arìnrìnàjò láti ọ̀dọ̀ wa gbé ẹran wọlé. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé pọ̀nmọ́ náà lẹran?" Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a ti jẹ pọ̀nmọ́ yẹn. Ẹni tó gbé garawa epo pupa wá nìkan ni mo dá padà láti ẹnu géètì, kò sì tíì kí mi títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Kò sí ọ̀kan nínú ẹrù yẹn tó ń lọ sí Róòmù. London ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. "Ẹ sáà fún ọmọ yín, á bá wa mú un dání." Ọmọ mi ò sì ní í padà sí London àfi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ tán. Ibi gbogbo tí àwa bá gùn, láfún á gùn ún. Mo ṣàlàyé èyí títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ọkọ̀ ló ń gbé e.

Ọkọ mi fẹ́ ká wọ rélùwéè ní Láderin lọ sí Èkó. Pẹ̀lú ẹrù wo? A háyà mọ́tò.

Kílò 23 ni ọkọ̀ òfúrufú tá a wọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá àwọn ọmọ mi ló wọn àpótí nílé: ó gbé e mọ́ra, ó gun òṣùwọ̀n, ó wá yọ kílò ti ara ẹ̀ kúrò. Kílò tí wọ́n kọ sínú káàdì ọsibítù ẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló fi yọ. Ó sì ti rù gan-an láti ìgbà náà! Nígbà tá a dé pápákọ̀ òfúrufú, àpótí tá a pè ní 23 di 27. A tú ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, kọ́mú àti singlet ń wo àwọn èèyàn, àwọn èèyàn ń wò wọ́n.

Kí la yọ? Tiwa ni. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn, òun náà ló sì kó bá mi. Mo kó bàtà ìrìn mi fún awakọ̀ kó dá a padà sílé. Mo wọ ìró méjì léra. Léèsì ọkọ mi padà sí Abẹ́òkúta. Láfún ò kúrò. Ohun tá a ti tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ilẹ̀ àti ti omi, dà pọ̀ mọ́ra wọn bíi gúgúrú àti ẹ̀pà, a sì ki í bọ àpótí bó ṣe gbà. Níbẹ̀ náà ni àdìrẹ ìyá ìjọ ti gba àyè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi nínú báàgì ọwọ́, tí oògùn fi bọ́ sínú àpótí ńlá. Ẹ jẹ́ n ṣì fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Róòmù dára, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n òkúta kéékèèké, dúdú, tí ẹ̀yìn ẹ̀ yọ gọngọ ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ títì wọn. Sampietrini ni wọ́n ń pè é. Àpótí wa ń fò lórí ẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Láàárín ìdúró bọ́ọ̀sì sí òtẹ́ẹ̀lì, táyà kan yọ, ó yí lọ sábẹ́ mọ́tò. Èmi ọmọ abẹ́ òkúta! Òkúta Olúmọ tó gba àwọn baba wa là lọ́wọ́ ogun, ẹ wá wo ohun tí àwọn ìbátan ẹ̀ fi mí ṣe nílùú òyìnbó.

Nígbà tó di ọjọ́ Florence, a ò lè fi àpótí kankan sílẹ̀ ní Róòmù, torí pé bàtà mi kan wà nínú ibí, èkejì wà nínú ibẹ̀. A kó méjèèjì. Ọmọ mi dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Ìrìn bíi wákàtí kan àbọ̀ ni nínú rélùwéè wọn tó ń sáré, kì í sì í dúró pẹ́ ní ibùdókọ̀. Ẹ sọ fún mi bí àgbàlagbà méjì ṣe máa gbé kílò 46 gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ tó ti fẹ́ gbéra. Àjèjì kan ló bá wa ti ìdí àpótí. Òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wà nínú ilé àtijọ́, ẹnì kan pẹ̀lú àpótí kan ni ẹ̀rọ agbéniròkè wọn lè gbà. Láfún ló kọ́kọ́ gòkè. Mo fẹsẹ̀ gun tèmi.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ mí ni ìró àti bùbá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pétérù Mímọ́ ní Vatican, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún ẹ̀ bá wà níta wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré wá ìborùn kiri. Èmi sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wọlé bí olorì.

Ní Civitavecchia, wọ́n máa ń gba àpótí lọ́wọ́ èèyàn ní èbúté, wọ́n á so nọ́ńbà yàrá rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan. Inú mi dùn láti yọwọ́ nínú ẹrù yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọkùnrin tó gbà á. Ìgbà tá a dé yàrá ni bàbá ní kí n fún òun ní oògùn. Ní ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé ọmọ mi: oògùn, páṣípọ́ọ̀tù àti aṣọ pípààrọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì ọwọ́. Àpótí kan dé ní aago márùn-ún. Kì í ṣe èyí tí oògùn wà nínú ẹ̀. Aago mẹ́fà. Aago méje. Ọkọ mi ń sọ pé òun ò kú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ mu. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù ni wọ́n pè wá lọ sí yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́.

Áyọ́ọ̀nù mi wà lórí tábìlì. Mo jẹ̀bi, mo gbà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi yẹn bẹ̀rù iná ju omi lọ: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù ìseomi, àbẹ́là, gbogbo nǹkan tó lè gbóná, wọn kì í gbà á wọlé, ọmọ mi sì ti kọ ọ́. Èmi ni mo ní báwo ni bùbá léèsì ṣe máa jọ lára láìlọ̀ ọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n wá mú un lọ́jọ́ tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù: ìyẹ̀fun funfun, kílò mẹ́rin, nínú ọ̀rá dúdú, kò ní orúkọ, kò ní àmì, rọ́bà ni wọ́n fi so ó lọ́rùn.

Òógùn bò mí. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ yẹn, ọmọ ilẹ̀ Philippines, ní kí ni. Mo ní "cassava". Ojú ẹ̀ là! Ó tú u, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ìyá òun máa ń fi gbágùúdá ṣe àkàrà òyìnbó nílé. Ó so ó padà, ó kó oògùn àti àpótí fún wa, ó ní kí a gbádùn ara wa. Òun ló tú ọ̀rá yín o. Kò bu ṣíbí kan.

Àyè àpótí nínú yàrá ọkọ̀ ojú omi kò ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, yàrá tiwa ò sì ní fèrèsé. Èmi, ọkọ mi àti irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé yẹn la jọ sùn fún òru méje. Ọmọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lárààárọ̀ bí ẹni tó ń wá òkú eku. Ní alẹ́ ìmúra, mo wé gèlè aṣọ òkè mi, wọ́n ń yà mí ní fọ́tò, mo sì ń rùn bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní ká gbé àpótí síta ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kí wọ́n lè kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kó gbogbo nǹkan síta, pẹ̀lú gbogbo ṣòkòtò ẹ̀. Agbádá tó kọ̀ tí kò wọ àpótí mọ́ nìkan ló yọ wá. Òun ló fi bo ṣòkòtò péńpé tó fi sùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ítálì, ó ń ju ọwọ́, àwọn òyìnbó ń kí i bí ọba.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ mi láti Róòmù sí London, báàgì kékeré nìkan ló gbà. Ó san owó ọ̀tọ̀ kí láfún tó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú, owó tó lè ra ẹ̀kún àpò láfún kan ní Làfẹ́nwá. Ẹni tó ní láfún ò tíì bi í léèrè pé èló.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ìyá tó pè mí láàárọ̀ ni, àbíkẹ́yìn wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní màmá òun ní kí n yá àwọn ní àpótí ńlá yẹn, wọ́n ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó gbé e. Táyà mẹ́ta ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, irú sì ti di onílé nínú ẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo wọn láfún kílò mẹ́rin sínú ọ̀rá dúdú, mo fi rọ́bà so ó lọ́rùn.

"Sọ fún màmá ẹ pé kí wọ́n bá mi mú èyí dání."

Ó ní, "Mà, ta ni kí wọ́n fún níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n á rí ẹni fún.