Ṣé kí ọlọ́kadà máa wọ léènì bọ́ọ̀sì àbí kó má wọ̀ ọ́?

Jagun_Alùpùpù:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí kí n tó lọ fi ìbínú sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wà lórí ọ̀kadà mi, mo wọ léènì bọ́ọ̀sì, apá títì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, wọ́n ya àwòrán alùpùpù sára pátákó búlúù tó wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n gbà wá láyè, mo sì rọra ń lọ ní tèmi. Títì ò yà, léènì ò yà, èmi náà ò yà síbì kankan, bí mo ṣe kọjá iná tíráfíìkì kan báyìí, àṣé ibẹ̀ ò gba ọ̀kadà mọ́, torí ìjọba ìbílẹ̀ ló ni apá ibẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ni apá àkọ́kọ́. Kámẹ́rà ti yà mí kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kàn ní ká máa wọ gbogbo ẹ̀ kó tán síbẹ̀? Bọ́ọ̀sì kan á kọjá, ọ̀nà yẹn á ṣófo fún ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún, àwa á wá máa fi ìgúnpá wá ọ̀nà láàárín ọkọ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ni èmi ń wà, ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá, jẹ́ n sọ bó ṣe rí láti orí àga tèmi. Òfìfo tóò ń wò yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ọ̀nà yẹn ń ṣe. Ọjọ́ tó bá kún ló ti di léènì bíi tàwọn yòókù nìyẹn, èrò tó kún ẹ̀yìn mi á wá máa wò mí bíi pé èmi ni mo fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù o, ibùdókọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti kó èrò, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo tan tiráfíkétọ̀, mo wo díńgí, kò sẹ́nì kankan, mo gbójú síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí n tún wo díńgí báyìí, ọ̀kadà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mi. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tí díńgí ò dé. Ibẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ràn.

Aláriwo007:
Kí wọ́n kúkú fún wọn ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, ṣebí wọ́n ti ń gùn ún tẹ́lẹ̀ 😂😂

Jagun_Alùpùpù:
@Aláriwo007 ìwọ lọ jókòó jàre. @Dẹ́rẹ́bà_Àgbà ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ẹ̀rù bọ́ọ̀sì ń ba èmi náà, kò sí ọlọ́kadà tó lórí pípé tó fẹ́ bá bọ́ọ̀sì du ọ̀nà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ká má wọ ibẹ̀, ibo la máa gbà? Àárín ọkọ̀ náà ni, ọkọ̀ lápá ọ̀tún, ọkọ̀ lápá òsì, ẹni tó ń tẹ fóònù sì fẹ́ pààrọ̀ léènì láì wẹ̀yìn. Ìwádìí kan wà tí Harry Hurt àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Los Angeles, 1981 ló jáde, jàǹbá ọ̀kadà 900 ni wọ́n lọ wò fínnífínní, nínú èyí tí ọ̀kadà àti ọkọ̀ míì ti kọlura, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé onímọ́tò ló gba ọ̀nà tó tọ́ sí ọlọ́kadà. “Mi ò rí i” ni wọ́n máa ń sọ. Ẹni tí wọn ò rí, ẹ jẹ́ kó lọ sápá kan tí ọkọ̀ ò pọ̀.

Kẹ̀kẹ́_Ni_Tèmi:
Jagun, ohun tóo mú wá láti gbè ọ́ lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yìn èmi ló ń gbè. Èmi ń gun kẹ̀kẹ́ lásán, mo sì ń gba léènì bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀. Ọkọ̀ tò sílẹ̀ bẹẹrẹ, wọn ò lọ. Ẹnì kan wà lódìkejì tó fẹ́ gba àárín wọn kọjá wọ àdúgbò. Ẹlẹ́yinjú àánú kan dúró fún un, ó ṣẹ́wọ́ sí i pé máa bọ̀. Onítọ̀hún dúpẹ́, ó rọra yọrí, bọ́ọ̀sì ló ń wá lójú ọ̀nà, kò sí bọ́ọ̀sì, ó bá tẹná. Ọ̀kadà tó ń bọ̀ nínú léènì bọ́ọ̀sì ní àádọ́ta kìlómítà láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ẹlẹ́yinjú àánú yẹn ló bò ó, kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kanra. Èmi tí mò ń lọ ní ogún, mo ṣì lè tẹ bíréèkì, mo kàn máa bú u ni. Ìwọ ńkọ́? Léènì tó ṣófo yẹn ló ń sọ fún ọ pé kóo máa sáré.

Jagun_Alùpùpù:
Eré ni ọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe léènì. Ẹni tó ń sáré, ibi tẹ́ ẹ bá fi sí á sáré.

Kẹ̀kẹ́_Ni_Tèmi:
Ṣé ọkọ̀ tó tò gbọnrangandan sí iwájú àti ẹ̀yìn ẹ á jẹ́ kóo sáré ni? 😏

Ọ̀rọ̀_Títì:
Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti dán an wò ná. Oṣù kìíní 2009 ni TfL, àwọn tó ń bójú tó títì ńlá ní London, ní kí ọlọ́kadà máa wọ ọ̀pọ̀ léènì bọ́ọ̀sì tó wà lórí títì tiwọn, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn ọlọ́kadà yọ̀ ṣìnkìn. Ìgbà tí àbájáde máa jáde, jàǹbá àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn ló lọ sókè. Ariwo táwọn èèyàn sì ń pa tẹ́lẹ̀ ni pé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa pa, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. TfL ò fagi lé e, wọn ò sì tíì sọ ọ́ di ti títí lọ, wọ́n tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì láti 2010, lọ́tẹ̀ yìí ọlọ́pàá jókòó sídìí ẹ̀, wọ́n ń mú àwọn tó ń sáré, wọ́n tún ń bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa gùn ún níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé gbà, oṣù kìíní 2012 ló wá di ti títí lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ní “London ti gbà á, ó parí”, ìdajì ìtàn lẹni yẹn ń sọ, ẹni tó bá sì ní jàǹbá ló mú wá, ìdajì tó kù ló mú dání.
Ó tún kù díẹ̀. Títì tí TfL ni ò ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún títì London lọ, ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, oníkálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Wàhálà tó bá Jagun yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa níbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:
Ọlọ́pàá jókòó sídìí ẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Ṣé ọlọ́pàá á máa jókòó síbẹ̀ títí ayé?

Ọ̀rọ̀_Títì:
Ẹ̀gbọ́n ìbéèrè gidi nìyẹn, kámẹ́rà tó ń wọn eré lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ibi tí kámẹ́rà wà nìkan lèèyàn ti ń fara balẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́sẹ̀:
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ dúró, èmi àtọmọ mi gba àárín wọn kọjá, mo mọ̀ pé kò dáa o, ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe é? Tá a bá dé etí léènì bọ́ọ̀sì, ohun gàgàrà ni ojú wa ń wá, torí bọ́ọ̀sì ga bí ilé, èèyàn á rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀kadà kéré. Èyí tó ń lo bátìrì tó wọ́pọ̀ báyìí ò tiẹ̀ dún, àfi kó dà bí atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ gbà wọ́n láyè tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ sọ fún wa ṣíwájú, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sílẹ̀ títì, kì í ṣe àwòrán kékeré lórí òpó tó kọjú sí ọlọ́kadà nìkan.

Jagun_Alùpùpù:
Ìyá, èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn wọlé. Mi ò rò ó rí pé pátákó yẹn, àwa nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀:
Èmi ò lọ́kadà mi ò ní bọ́ọ̀sì, ibi tọ́rọ̀ ti ń ká mi lára ni pé tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan ẹni kejì á kan án. Ẹ wo Norway. Láti 2005 ni wọ́n ti ní kí mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná máa gba léènì bọ́ọ̀sì, kí àwọn èèyàn lè rà á, nígbà yẹn kò sẹ́ni tó ní in, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àfi bí gbogbo wọn ṣe rà á! Léènì bọ́ọ̀sì lọ́nà tó wọ Oslo, olú ìlú wọn, wá kún débi pé ní 2015 wọ́n ní lórí títì E18, láwọn wákàtí tí ọkọ̀ pọ̀, ẹni tó bá dá wà nínú mọ́tò ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tọ̀kadà ṣe máa rí. Ìlú tí ọ̀kadà ò ti pọ̀, kò sí wàhálà. Ìlú tí ọ̀kadà pọ̀ bí eéṣú ńkọ́? Ní Jakarta lórílẹ̀-èdè Indonesia, bọ́ọ̀sì Transjakarta ti ní ọ̀nà tiẹ̀ láti 2004, wọn ò gba ọlọ́kadà láyè níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ wọ́n ń ya wọ̀ ọ́, wọ́n fi géètì síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:
Tiyín nìkan ló jọ tèmi níbí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ya nǹkan sọ́tọ̀ o, kó má di pé mo kàn ń ṣagídí. Léènì tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mọ nǹkan yí ká. Irú ti Jakarta tàbí ti bọ́ọ̀sì TransMilenio tó wà ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Colombia láti 2000, bí ọ̀kadà bá wọ inú ẹ̀, kò rọ́nà yà, bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn, kọnkéré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ẹ má tiẹ̀ bá mi sọ ọ́, rárá ni. Èyí tó jẹ́ ọ̀dà lásán, tó sì fẹ̀ débi pé mo lè kọjá lára ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láì kó ọkàn ẹ̀ sókè, àá lè sọ ọ́. Èyí tó tín-ín-rín, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ níwájú mi, ọlọ́kadà lẹ́yìn mi tó ń tẹ hóònù, èmi láàárín, ẹ̀mí ta ló fẹ́ gùn níbẹ̀?

Aláriwo007:
Kí ọlọ́kadà ní léènì tiẹ̀ kí gbogbo ayé sinmi. Malaysia ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ Federal Highway láti ọdún 1970 àti díẹ̀

Kẹ̀kẹ́_Ni_Tèmi:
Ìwọ náà mọ nǹkan kan lónìí 👏 Ṣùgbọ́n títì márosẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárín ìlú, apá ibo lẹ máa gé e sí, ara ilé onílé?

Jagun_Alùpùpù:
Ẹ̀gbọ́n @Dẹ́rẹ́bà_Àgbà ẹ jẹ́ n bi yín léèrè tọkàntọkàn. Ibi tí wọ́n bá gbà wá láyè, tẹ́ ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀, apá ibo lẹ fẹ́ kí n gbà kọjá?

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:
Má kọjá. Dúró lẹ́yìn mi níbi tí wàá ti máa rí ojú mi nínú díńgí, bí o ò bá rí ojú mi, èmi náà ò rí ẹ nìyẹn. Tíná tiráfíkétọ̀ bá ti ń ṣẹ́jú, mo ti ń jáde, má rò ó pé wàá yá ju mí lọ. Tó o bá sì gbọ́dọ̀ kọjá, lẹ́yìn tó o bá rí i pé èrò ṣì ń wọlé, jáde sí léènì kejì pátápátá, má fi ara ra bọ́ọ̀sì. Kí o sì ṣọ́ra fún ilẹ̀ ibùdókọ̀ o, dísù máa ń jò síbẹ̀, tójò bá ti rọ̀ lé e, òun àti ọ̀dà léènì yẹn, bí ọṣẹ ni.

Jagun_Alùpùpù:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn, mo ti ṣubú lórí ẹ̀ rí, mi ò sọ fẹ́nì kankan 🙈

Ọ̀rọ̀_Títì:
Jagun, pátákó tó wà lẹ́yìn iná tíráfíìkì yẹn ńkọ́, ṣé ó hàn síta? Tí kò bá hàn, o lè kọ̀wé sí wọn pé oò san.

Jagun_Alùpùpù:
Mo padà lọ wò ó lánàá. Ó wà níbẹ̀ o, ẹ̀ka igi ló bò ó mọ́lẹ̀, àwòrán kẹ̀kẹ́ nìkan lèèyàn ń rí.

Kẹ̀kẹ́_Ni_Tèmi:
Ya fọ́tò ẹ̀ kíá kí wọ́n tó gé igi yẹn!!

Jagun_Alùpùpù:
Mo ti yà á. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé bọ́ọ̀sì ló kọjá síwájú ẹ̀ nínú fọ́tò.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:
Kì í ṣèmi o.