NEPA kọ́ ló ń já wáyà yín, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ra NNPC

Bí iná bá lọ, ẹ ó gbọ́ ọ ládùúgbò: "Ìjọba ti mú iná lọ." Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan NNPC, ẹnu kan náà ni yóò sọ pé, "Wọ́n ti tà á, ó ti di ti aládàáni." Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ohun tó ń jẹ́ parastatal.

Parastatal ni iléeṣẹ́ tàbí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀, tó ní ìgbìmọ̀ alákòóso àti àpò owó tirẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀ka mínísírì, àmọ́ tí okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ má wo pátákó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ni ṣíà àti ẹni tó ń yan ọ̀gá ni kí ẹ wò.

NEPA di PHCN lọ́dún 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná lé àwọn olókòwò lọ́wọ́: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà bọ́ sọ́wọ́ wọn, ìdá 40 kù sọ́wọ́ ìjọba. Nítorí náà, ọmọkùnrin tó gbé àkàbà wá já wáyà yín kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, bó tilẹ̀ ń jágbe mọ́ yín bíi sójà. TCN, tó ni àwọn òpó gàgàrà tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú, ni ìjọba ò tà. Parastatal nìyẹn.

NNPC ńkọ́? Òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 ló sọ ọ́ di "Limited", ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022. Limited yìí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Mínísírì ìṣúná àti ti epo rọ̀bì ló di gbogbo ṣíà rẹ̀ mú lórúkọ orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu yọ Mele Kyari àti gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi Bayo Ojulari jẹ ọ̀gá. Aládàáni wo ni Ààrẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?

Àṣìṣe kan tún kù, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn máa ń ṣe. Abala 318 ìwé òfin 1999 ò ka òṣìṣẹ́ parastatal bíi NTA mọ́ civil servant, ìyẹn òṣìṣẹ́ mínísírì. Public servant ló pè é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àwáwí o: òfin ìwà ọmọlúàbí òṣìṣẹ́ ìjọba mú un, ó sì gbọ́dọ̀ kéde dúkìá rẹ̀.