Ariwo kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́, àmì ohùn ni

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín pé àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń ráhùn nítorí ariwo àdúgbò àti iná tí kì í dúró. Ti iná, òótọ́ ni. Ti ariwo, mi ò gbà.

Òkè-Elérin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mò ń gbé, ẹ̀rọ tó ń lọ ata sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Bí àwọn ìyá bá tò síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kò sí ìwé tó lè kọ́ni lọ́rọ̀ ẹnu bíi tiwọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ní ata òun ti dúró títí ó fi fẹ́ hù! Gbólóhùn yẹn ti wà nínú ìtàn tí mò ń kọ lọ́wọ́.

Àmì ohùn gan-an ni wàhálà. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ojú wa ń rí. Mo kọ ọ́ pé adẹ́mu fi igbà gun ọ̀pẹ. Ìwé ìròyìn kan yọ gbogbo àmì rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ni òǹkàwé kan bá pè mí, ó ní báwo lèèyàn ṣe ń fi igbá gun ọ̀pẹ? Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó dùn mí. Ọmọ tí kò rí adẹ́mu rí, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ pé okùn ni igbà?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì wa mọ́. Èyí náà, ẹ fi í sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́.