Ara Ò Rọ Okùn, Ara Ò Rọ Adìẹ

"Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ." Ìjà onílé àti ayálégbé ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn jẹjẹrẹ ti wọ ilé aládùúgbò mi kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ni mo ti rí ibi tí ó bá a mu jù. Aláìsàn ni adìẹ, ẹbí ni okùn. Ìyàwó tí ń ṣàìsàn ń dá ẹkún sun nínú yàrá kí ọkọ má baà rí i. Ọkọ ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ó sì ń lọ sunkún nínú mọ́tò. Olúkúlùkù rò pé òun ń dáàbò bo ẹnì kejì, síbẹ̀ okùn kò yé mì.

Àwa àlejò a sì dé, a ní, "Ẹ má ronú mọ́." Kí ara tiwa lè fúyẹ́ ni a ṣe ń sọ ọ́. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń béèrè ẹni tí aláìsàn ṣẹ̀, tàbí tí ń ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, nígbà tí jẹjẹrẹ kì í ràn.

Cicely Saunders, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ni pé ìrora irú àìsàn báyìí kò mọ sí ara: ó wà lọ́kàn, ó wà nínú ilé, ó sì wà nínú ìgbàgbọ́ ẹni. Oògùn tí ń lé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè ba gbòǹgbò irun àti ìtọ́wò ẹnu jẹ́, débi pé iyán tí a fi ìfẹ́ gún lè máa ta bí irin lẹ́nu aláìsàn. Kí alásè má bínú.

Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ níwọ̀n òye wọn, nítorí ọmọ tí a kò sọ fún lè rò pé ìwàkiwà òun ló fa àìsàn ìyá òun. Bí ìbànújẹ́ kò bá jẹ́ kí aláìsàn tàbí olùtọ́jú rẹ̀ sùn tàbí kí ó jẹun, ẹ sọ fún dókítà. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú.

Ó pẹ́ kí èmi náà tó ronú kan okùn. Mo pàdé ọkọ náà lẹ́nu géètì, ó gbé fíláàsì dání. "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín ni gbogbo wa ń béèrè. Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó gbé fíláàsì sílẹ̀, ó ní òun kò tíì sùn fún òru mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ ló sùn sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà.