Wọ́n Pè Wá Sípàdé, Wọ́n sì Gé Igbó Wa Lẹ́yìn Wa

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ìrókò etí odò ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kabba, ẹ mọ ìrókò tí mò ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nílé tipẹ́ náà mọ̀ ọ́n, torí ìdí rẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń sọ garawa kalẹ̀ sinmi tí a bá pọnmi bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni àwọn tó ń gé igbó wa sí pulọ́ọ̀tì ẹ́sítéètì gé e. Wọn kò gé e lóru. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí àwa tí à ń ṣọ́ ọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ́fíìsì tí àwọn fúnra wọn pè wá sí.

Ọjọ́ Ajé ni ọmọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, ó fi ìwé lé alága àdúgbò wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ igbó náà kàn wá sí Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí a jọ fẹnu kò lórí ààlà. Gbogbo ẹni! Wọ́n tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ "gbogbo". Inú wa dùn, àfi bíi pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Láti ìgbà tí òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ti ń hù nínú igbó yẹn bí olú, a kò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó jókòó gbọ́ tẹnu wa. Ìwé ìfẹ̀hónúhàn mẹ́ta la ti kọ. Àkọ́kọ́ sọnù sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní èkejì kò ní fọ́tókọ́pì. Ẹ̀kẹta, akọ̀wé ní òun kò mọ fáìlì tí òun máa kì í bọ̀.

A dá owó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì. Àwa méjìdínlógún la lọ. Màmá tó ń ta òrí náà wọkọ̀, màmá tí orúnkún ń dá lóró, tí kì í rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Ó wé gèlè tó máa ń wé lọ ìgbéyàwó. Ó di ewé àti èèpo igi tó ń já nínú igbó yẹn sínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ fi hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé inú igbó yẹn ni òun ti ń mú ewé tí òun fi ń wẹ ọmọ nígbà ibà. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra. Ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀bàjànà. Ẹ mọ bí tírélà sìmẹ́ǹtì ṣe sọ ọ́ dà. Ihò tó lè gbé màlúù mì ń bẹ lójú ọ̀nà yẹn, a ó sì máa pè é ní títì. Ṣùgbọ́n a dé kí aago mẹ́jọ tó lù.

"Ọ̀gá wà nípàdé." A ní kò burú. Aago mẹ́wàá, "Ọ̀gá ń bọ̀." Aago mọ́kànlá, "Ẹ ní sùúrù." Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan, àwa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ooru Lọ́kọ́ja, a ń fi ẹ̀dà ìwé wa fẹ́ ara wa. Kò sẹ́ni tó fi omi inú ọ̀rá lọ Màmá.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ọmọ mi obìnrin ni. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti ń gé e o." Mo ní kí ni? Kò dáhùn. Ó na fóònù síta kí n fetí ara mi gbọ́. Ẹ̀rọ ìgégi ni. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló gbọ́ ọ. Akọ̀wé náà gbọ́ ọ, ó sì wolẹ̀. Kò béèrè pé ariwo kí nìyẹn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó mọ̀ láti àárọ̀, nígbà tó ń sọ pé kí a ní sùúrù.

Nígbà tí a délé, iṣẹ́ ti parí. Ìrókò náà nà gbalaja, orí rẹ̀ kan odò. Katakata ti tẹ ọ̀gánwó ogójì tí àwọn ọmọ wa gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pa, àwọn ọmọ tó ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi sí i lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi apá méjì ti lọ. Igi igbá tí a ti ń ká èso irú ti lọ. Màmá jókòó sórí kùkùté ìrókò náà, ọ̀rá ewé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó wá mú kí n bú sẹ́kún ni ti ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ó ní ó yẹ kí a máa dúpẹ́. Ó ní inú igbó ni ajínigbé ń sá pamọ́ sí, ààbò ni wọ́n ń ṣe fún wa. Èmi? Ta ló mọ̀ nípa ajínigbé ju àwa ará Ọ̀kun lọ? Ta ló ń tú àpò ẹbí kó lè rówó ìtúsílẹ̀? Ta ni kò lè lọ oko mọ́, tí iṣu rẹ̀ ń jẹrà sílẹ̀? A mọ igbó tí wọ́n wà, a ti pariwo rẹ̀ títí ohùn wa fi há, kò sí katakata kankan tó débẹ̀. Igbó tí àwọn ọmọ ti ń ṣa àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, tí o lè dúró nínú rẹ̀ kí o gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n wá rí gé. Kí ènìyàn mú ẹkún wa kó fi ta pulọ́ọ̀tì! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí nínú egungun.

Ẹ sì tún wo ọgbọ́n tí wọ́n ń ta. Láti 1992 ni òfin ti wà pé kí wọ́n yẹ ìpalára tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ́sítéètì tó bá tó hẹ́kítà 50 wà lára rẹ̀, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Kí ni àwọn wá ṣe? Wọ́n gé e sí ìpele-ìpele, ìpele kìíní, ìpele kejì, ìpele kẹta, kí ọ̀kankan nínú wọn má bàa tó 50. Tí a bá ní ilẹ̀ wa ni, wọ́n á fa Òfin Ilẹ̀ 1978 yọ, pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Ẹ ka òfin náà parí! Ó ní fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé Màmá yẹn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni?

Ẹ̀gbẹ́ ìlú ni igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, nǹkan bíi hẹ́kítà 75. Wọn kò gé e sí pulọ́ọ̀tì. Ní 2005, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n.

Mi ò ní kí ènìyàn má kọ́lé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá, ẹ̀yin tí ẹ ń ra pulọ́ọ̀tì yìí lórí fóònù láì wá wò ó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ̀ ń wálé, nígbà Kérésì. Ẹ ò ní sí nílé lóṣù kẹsàn-án tí omi òkè bá já wálẹ̀ tí kò rí gbòǹgbò tó máa dá a dúró. Inú yàrá tèmi ló máa wọ̀. Ẹ ò ní sí nílé nígbà tí atẹ́gùn bá ń ká páànù wa torí kò sígi tó máa kọ́kọ́ gbà á. Kànga ẹ̀yìnkùlé mi ti ń fà sẹ́yìn láti ọdún tí wọ́n ti gé apá òkè. Iná ọba ò sí, omi ẹ̀rọ ò sí, òjìji igi nìkan ló kù tí a kì í sanwó fún.

Mi ò fẹ́ owó gbà-má-bínú. Mi ò fẹ́ ìpàdé mìíràn. Kí wọ́n gbé ìrókò náà nàró. Kí wọ́n dá a padà sórí kùkùté rẹ̀, tòun ti ewé rẹ̀, tòun ti àwọn ẹyẹ tó ń sùn sórí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n wá ṣe é. Gbogbo wa á wà níbẹ̀.