Kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì ló gba àwọn Gárífúnà lóko ẹrú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ló ra àwọn Gárífúnà padà lóko ẹrú, tí wọ́n sì kó wọn dé Bẹ̀líìsì, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí, torí ó gba ìjà àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Áfíríkà àti àwọn Kalinago onílẹ̀ ló pa pọ̀ di Gárífúnà ní erékùṣù St. Vincent, ní òkun Kàríbíánì. Wọn kì í ṣe ẹrú níbẹ̀. Ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń ro. Torí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, tí olórí wọn, Joseph Chatoyer, fi kú lọ́dún 1795. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì borí, wọ́n há wọn mọ́ erékùṣù kékeré kan, Baliceaux. Àìsàn pa nǹkan bí ìdajì wọn níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1797 ni wọ́n já àwọn tó kù sílẹ̀ ní Roatán, lẹ́bàá Honduras. Láti etíkun Honduras ni àwọn kan ti fi ọkọ̀ ojú omi wá sí Bẹ̀líìsì.

Mi ò sọ pé Mẹ́tọ́díìsì kò ní ipa kankan. Thomas Coke, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé St. Vincent ní 1787, àmọ́ iṣẹ́ ìwàásù láàárín àwọn Gárífúnà kò fìdí múlẹ̀ nígbà náà, Kátólíìkì sì ni ọ̀pọ̀ wọn lónìí. Ẹni tó yẹ kí ẹ dárúkọ ni Thomas Vincent Ramos, ọmọ Gárífúnà, olùkọ́ àti oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì. Òun ló ṣáájú ayẹyẹ ìgúnlẹ̀ àwọn baba wọn ní 1941, èyí tí gbogbo Bẹ̀líìsì fi ń gba ìsinmi báyìí ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá.