Bàámi Ló Kó Bọ́ọ̀lù Ràn Mí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má di ẹjọ́: èmi kọ́ ni mo yan bọ́ọ̀lù o. Bọ́ọ̀lù ti wà nílé kí n tó dé, wọ́n sì bí mi sínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bí ọmọ sínú gbèsè. Ìlú, mo ti kúrò níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà, mo ti pààrọ̀ ẹ̀, owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, ọ̀fọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn? Ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń kúrò nínú Shooting?

Ará Ìbàdàn ni Bàámi. Ẹ ti mọ ìyókù. Ní 1976, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ yẹn ní IICC, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà kankan ò gbà rí. Wọn ò tíì bí mi lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, ìyàwó mi ò sì tíì dárí ẹ̀ jì mí. Tí a bá ń jẹun alẹ́, Bàámi á fa abọ́ ọbẹ̀ sọ́tùn-ún, ìyẹn ni góòlù. Ife omi méjì, ará Kamẹrúùnù nìyẹn. Ẹran tó tóbi jù nínú abọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mathematical. Ẹran á máa sá bọ̀ létí tábìlì, á gé ife kan, á gé èkejì. Màámi á na ọwọ́ láti palẹ̀ abọ́ mọ́. "Má fọwọ́ kan Ọdẹ́gbàmí!" Àwa ọmọ á máa wo Ọdẹ́gbàmí, itọ́ á máa dà lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tó jẹ Ọdẹ́gbàmí rí àfi Bàámi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ nílé wa. Ẹ máa rò pé èébú ni. Zamalek ni. Kílọ́ọ̀bù àwọn ará Cairo yẹn ló na Shooting ní àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kan ní 1984. Bàámi gba kámú. Ọdún méjìlá kọjá, Shooting tún dé àṣekágbá ní 1996. Ta ni wọ́n pàdé? Zamalek kan náà! A nà wọ́n 2-1 nílé, wọ́n nà wá 2-1 ní Cairo, ó di pẹnárítì... ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Láti ìgbà náà, tí Bàámi bá ń ka ìwé Ẹ́kísódù, tó bá ti kà á dé ibi tí Òkun Pupa ti bo àwọn ará Íjíbítì mọ́lẹ̀, á pa Bíbélì dé. Kì í kà á kọjá ibẹ̀. "Ó tó," ló máa ń wí. "Olúwa ti ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin yìí náà ló ní èmi ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù o! Mo ní, "Bàámi, Ọdẹ́gbàmí ńkọ́?" Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí lọ sí Poly Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìwọ lọ gba mathematical nínú ìwé ẹ ná, ká tó wá sọ ti ẹsẹ̀." Kí ni mo fẹ́ fèsì?

Ti Bàámi ṣì rọ̀, ẹnu ni. Màámi ló ń lo ọwọ́. A máa ń ta mọ́ńkí póòsì lójú títì ẹ̀yìn ilé, òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, fẹ̀lẹ́lẹ̀ láàárín, bàtà ilé-ìwé mi lẹ́sẹ̀ nítorí pé bàtà mìíràn ò sí. Tí Màámi bá yọ ní kọ̀rọ̀ tòun ti pàṣán, eré á parí. Kò sí rẹfirí tí fèrè ẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Kódà ẹgbẹ́ tó ń nà wá á gbà pé ọ̀mì ni. "Ṣé bọ́ọ̀lù lo máa jẹ? Ṣé bọ́ọ̀lù lo máa fi san owó ilé? Iṣẹ́ ọmọ ìta!"

Ó wá di oṣù kẹfà 1994, Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé. Aago méjìlá òru ti kọjá, gbogbo àdúgbò ló ya sí pálọ̀ wa torí jẹnẹrétọ̀ tiwa ló ní epo nínú. Yekini wa tì bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọnú àwọ̀n, ó ń ké sí Ọlọ́run. Bàámi fò sókè: "Ọmọ Shooting ni! Ọmọ Shooting ni!" Lóòótọ́ Yekini ti gbá fún Shooting rí, ṣùgbọ́n bí Bàámi ṣe ń wí i, ẹ máa rò pé yàrá wa ló ń sùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Màámi ń sunkún. Ó dì mọ́ kọ́tìnì, kọ́tìnì sì já. "Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ wo bí inú ìyá ẹ̀ ṣe máa dùn tó!" Èmi ọmọ tirẹ̀ jókòó síbẹ̀, àpá pàṣán ọ̀sán ọjọ́ yẹn ṣì wà ní itan mi.

Ti Arsenal ńkọ́? Ìyẹn, àbúrò bàbá mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá 1999, Kanu gbá mẹ́ta wọlé Chelsea nínú òjò, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn eré. Kó tó di Kérésì, jẹ́sì pupa mẹ́rin ti dé sílé, ti Bàámi, ti ẹ̀gbọ́n mi, tèmi, àti èyí tí kò bá ẹnikẹ́ni mu. Bùọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Láti òní lọ, Arsenal lẹ ń ṣe." Kò sí ìbò, kò sí ìpàdé ẹbí. Ní 2004, Kanu fúnra ẹ̀ palẹ̀ mọ́, ó gba West Brom lọ. Ẹni tó mú wa wọlé ti jáde, àwa ṣì jókòó.

Ìyàwó mi, Chelsea. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló kó o ràn án. Lọ́jọ́ tí mo lọ fojú hàn nílé wọn, bàbá wọn bi mí ní ìlú mi, ìyá wọn bi mí ní ìjọ mi, mo fèsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá yìí wá sún mọ́ mi, ó rọ ohùn sílẹ̀: "Kílọ́ọ̀bù wo lò ń ṣe?" Mo sọ fún un. Ó wo àbúrò ẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti ro ó dáadáa?"

Ẹ wá wo Lọ́ńdọ̀nù o. Woolwich là ń gbé, níbi tí ẹ ti lè ra ẹ̀bà, èlùbọ́ àti ẹni tó máa gerun yín láìkúrò lójú títì kan. Bàbá òyìnbó kan ń gbé lódìkejì wa. Ọjọ́ tí a kó dé, ó béèrè kílọ́ọ̀bù tí mò ń ṣe. Mo ní Arsenal.

"O ti gbé Àríwá Lọ́ńdọ̀nù rí?"

"Rárá, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ìbàdàn ni Bàámi wà, sà."

Ó mi orí. Mo ní, rárá o, mi ò ní gbà. Mo ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, "Sà, Woolwich níbí ni wọ́n ti dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886! Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tó wà nísàlẹ̀ yẹn!" Ó wò mí. "Wọ́n kó lọ sí Àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 1913," ló wí. Ẹ máa rò pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kó ẹrù, tí wọn ò sì san owó ilé.

Charlton ni bàbá yìí ń ṣe, torí bàbá ẹ̀ ń ṣe Charlton, bàbá tó bí bàbá ẹ̀ náà ń ṣe é. Ó pè mí wọlé fún tíì, ó ní kí n jẹ́ kóun sọ ti 1947 fún mi, ọdún tí wọ́n na Burnley tí wọ́n gba ife FA. Mo ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀ lọ́kàn mi: wọn ò tíì bí i! Ó fa ìkòkò ṣúgà sọ́tùn-ún, ìyẹn ni góòlù. Ó to bísíkíìtì sáàárín. Mo bá na ọwọ́ sí bísíkíìtì kan.

"Má fọwọ́ kan ìyẹn!"

Ha! Mo wo ojú ọkùnrin yìí. Bàámi ni! Bàámi ni wọ́n fi ẹfun kùn!

Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni Adémọ́lá Lookman. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Charlton ló ti kọ́kọ́ di agbábọ́ọ̀lù àgbà ní 2015. Nígbà tó gbá mẹ́ta sáwọ̀n Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League ní 2024, bàbá òyìnbó kan ilẹ̀kùn wa: "Ádà-mólà wa!" Mo ní, "Tiwa ni, sà." Ó ní, "Tiwa." Nígbà tí wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún yẹn, èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn tiẹ̀. Mo ní, "Ilẹ̀ ibo ni wọ́n wí, sà?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Màámi. A bá a gba físà, ó wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a sì mú ìyá àgbà lọ. Nílẹ̀ yìí, wọ́n fa okùn sí etí pápá, ẹ̀yìn okùn lòbí ń dúró sí. Pátákó wà níbẹ̀: ọmọdé ni wọ́n, ẹ má pariwo lé wọn lórí. Ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù tiẹ̀ sórí igi, bàbá ẹ̀ pàtẹ́wọ́: "O gbìyànjú!" Èmi tí wọ́n tọ́ níbi tí ẹni tó pàdánù góòlù ti ń gba ẹ̀yìnkùlé relé, ẹnu yà mí.

Màámi gbé ìró ró. "Tì í! Tì í ṣubú! Ṣé ẹran ò sí lára ẹ ni?" Kóòṣì rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Sà, láti kékeré ni mo ti fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Ìsinmi àárín eré dé, wọ́n ní ọsàn ni àwọn ọmọ ń jẹ. Màámi ti gbé tiẹ̀ wá láti ilé. Ó ti bó gbogbo ẹ̀, ó ti gé e lórí, ó fún ọmọ òyìnbó kọ̀ọ̀kan ní odidi kan. Àwọn ọmọ ń yí i po, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. "Fún un! Fún un, kí o máa mu!" Ọ̀kan fún un, ó ta sí kóòṣì lójú. Kóòṣì ní ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e sí wẹ́wẹ́ níbí. Màámi wò ó tàánú-tàánú: "Ọsàn tí wọn ò fún, ṣé ọsàn nìyẹn?"

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ó bẹ̀rẹ̀ lórí Bukayo Saka. Pé Ealing níbí ni wọ́n ti bí i, pé Yorùbá làwọn òbí ẹ̀, pé ó ń gbá fún Arsenal, ó ń gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà ì bá dà bẹ́ẹ̀ o. Ìwọ lo ò gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù nígbà tí o wà ní kékeré."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wa mọ́tò wọ odò Thames. Mo ní, "Màámi, pàṣán ńkọ́?"

"Pàṣán wo?"

Ẹ gbọ́ o! "Pàṣán wo?" Ó tún ní òun gbọ́ pé ọmọ arábìnrin Okocha ni Iwobi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ò wá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Kí lo ń wò nígbà tí o fẹ́ fẹ́ ẹ?" (Ọmọbìnrin mi, eré sísá ló yàn. Tóbi Àmùsán ló ń wò, 12.12 ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó fi sáré, ó ti lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó ba ìyẹn jẹ́ nílé, a kàn jókòó a ń dúpẹ́.)

Màámi padà sílé. Bàámi kò wá, ó ní òtútù. WhatsApp ló fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, inú mi ń dùn pé ọmọ ń gbọ́ Yorùbá. Mi ò béèrè ohun tó ń gbọ́.

Ilé-ìwé pè mí. Tíṣà ní ọmọ mi kọ̀, kò fẹ́ jókòó ti ọmọ kan tuntun tó jẹ́ ará Íjíbítì. Ó ní àwọn ará ilé ọmọ yẹn jẹ ilé àwọn ní ife-ẹ̀yẹ kan láti 1996. Tíṣà tẹ́ ìwé síwájú mi, ohùn ẹ̀ rọ̀: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Zamalek?"

Ara mi tutù. Kí n tó lanu, ilẹ̀kùn ṣí, bàbá ọmọ kejì wọlé. Ọkùnrin gìrìwò. Tíṣà tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Ojú ọkùnrin náà pọ́n.

"Zamalek? Wọ́n pe ọmọ mi ní Zamalek?" Ó lu àyà. "Ahly ni mí! Ahly ni bàbá mi! Ahly ni bàbá tó bí bàbá mi!" Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀: "Wọ́n pè ọ́ ní Zamalek, o dákẹ́?"

Tíṣà tún mú bírò. Ẹjọ́ ti di méjì.

Mo yọ fóònù, mo pe Bàámi, mo sọ fún un pé wọ́n ti rí ọ̀tá Zamalek kan ní Woolwich, ọmọ Ahly, kílọ́ọ̀bù Cairo kejì. Ó ní kí n fún un ní fóònù. Bàámi rora bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé ó rántí pẹnárítì 1996. Ọkùnrin yẹn di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Bàbá," ó ní, "lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa náà sunkún."

Bàámi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá pè mí.

"Bi í," ó ní, "pé ọmọ agboolé wo ni ní Íjíbítì."